Bí Ọmọ Ẹgbẹ́ Kan Náà Bá Kọlu Ara Wọn, Ta Ni Yóò San Án?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

  

Àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó fà á tí a fi yan ọ̀rọ̀ òní. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọn a máa péjọ síwájú tẹlifíṣọ̀n láti wo eré ìje ọkọ̀ tí a ń pè ní Formula One, ariwo wọn a sì gba àdúgbò kan. Àwọn àgbà a máa bi wọ́n léèrè pé èrè wo ni ó wà nínú kí ọkọ̀ máa yí po lójú kan náà. Èrè kan wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ bíi tiwa, òun ni a sì fẹ́ gbé kalẹ̀ fún yín: bí ọmọ ilé kan náà bá kọlu ara wọn, ta ni ó jẹ̀bi, ta ni yóò sì san owó ohun tí ó bàjẹ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni méjèèjì jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé eré náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa kó ọkọ̀ méjì wá, awakọ̀ méjì ni yóò sì wà wọ́n. Ibi iṣẹ́ kan náà ni a ti ṣe ọkọ̀ méjèèjì, àpò kan náà ni owó wọn ti jáde, ọ̀dà kan náà ni a sì fi kùn wọ́n. Láti ọdún 2010, ẹni tí ó bá ṣe èkíní a gba máàkì 25, ẹni kejì a gba 18, ẹni kẹta a gba 15, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ sílẹ̀ títí dé ẹni kẹwàá. Ní òpin ọdún, oyè méjì ni a ń jẹ. Ọ̀kan jẹ́ ti awakọ̀ tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Èkejì jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí máàkì awakọ̀ rẹ̀ méjèèjì, bí a bá rò wọ́n pọ̀, ju ti àwọn yòókù lọ. Ipò tí ẹgbẹ́ bá sì wà nínú ti èkejì yìí ni a ń wò bí a bá ń pín owó fún wọn.

Nítorí náà, oyè méjì ni awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lé. Ó ń lé ti ara rẹ̀, ó sì ń lé ti ilé. Ẹni tí ó sì ń fẹ́ borí jù lọ kì í ṣe ará òde, ẹnì kejì rẹ̀ ni. Bí ará òde bá ṣáájú rẹ̀, yóò wí pé ọkọ̀ onítọ̀hún ni ó dára ju tòun lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kejì rẹ̀ tí ń wa irú ọkọ̀ kan náà bá ṣáájú rẹ̀, kí ni yóò wí? Níbẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta irú ọjà kan náà ní ìsọ̀ tí ó kọjú sí ara wọn mọ ohun tí a ń wí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2010, ní ìlú Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì, ọkọ̀ Red Bull méjèèjì ni ó wà níwájú. Mark Webber, ọmọ Australia, ni ó ṣáájú. Sebastian Vettel, ọmọ Jámánì, ni ó tẹ̀lé e. Kí eré ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, máàkì 78 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ wà lókè pátápátá. Ní ìyípo ogójì, Vettel gba ẹ̀gbẹ́ Webber láti kọjá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán nígbà tí ó darí ọkọ̀ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Webber. Webber kò yà fún un. Wọ́n sì kọlu ara wọn. Eré Vettel parí síbẹ̀. Webber lọ pààrọ̀ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ tí ó ti fọ́, ó sì ṣe ẹ̀kẹta. Lewis Hamilton àti Jenson Button ti ẹgbẹ́ McLaren, tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn jẹ́jẹ́, ni ó gba ipò èkíní àti èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà bí akápò wa ti ń ṣe é. Bí Red Bull bá parí bí wọ́n ti wà, máàkì 43 ni wọn ì bá gbà. 15 ni wọ́n gbà, 28 sì dànù. McLaren tí ì bá gba 27, 43 ni wọ́n kó lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Red Bull ní 156, McLaren ní 129. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú, Red Bull ní 171, McLaren ní 172. Ẹgbẹ́ tí ó fi 27 ṣáájú láàárọ̀ ti di ẹni tí a fi ẹyọ kan ṣáájú lálẹ́, kì í sì í ṣe pé ọ̀tá gbógun tì í. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Òfò ilé nìyẹn. Ti ẹ̀bi ń kọ́? Bí Vettel ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ orí ara rẹ̀, ó ń yí i, bí ẹni tí ń wí pé orí ẹnì kejì òun ti dàrú. Helmut Marko, olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ náà, sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an lọ́nà tí ó di ẹ̀bi ru Webber. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wo eré náà kò gbà bẹ́ẹ̀, àwọn adájọ́ eré pàápàá kò sì jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Láti ìgbà náà ni Webber ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé ní ọmọ tí ó fẹ́ràn jù. Ní oṣù keje ọdún náà, ní Silverstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹ́ iwájú tuntun tí ó wà lára ọkọ̀ Vettel bàjẹ́; ẹgbẹ́ náà tú irú rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ Webber, wọ́n fi sí ti Vettel. Webber ni ó borí ní ọjọ́ náà, ó sì fi rédíò sọ fún wọn pé kò burú fún awakọ̀ tí a fi ṣe ìkejì. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, ní Malaysia, wọ́n pàṣẹ fún Vettel pé kí ó dúró sí ẹ̀yìn Webber. Vettel kọ etí ikún, ó kọjá, ó sì borí. Ní òpin ọdún náà, Webber fi Formula One sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ìkọlù Istanbul kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ẹ̀bi tí a fi ìkánjú pín gba ọdún mẹ́ta. Òótọ́ ni pé Red Bull gba oyè méjèèjì ní ọdún 2010. Ṣùgbọ́n máàkì 4 péré ni Vettel fi gba tirẹ̀, 256 sí 252 ti Fernando Alonso. Díẹ̀ ni ó kù kí ọjọ́ kan ṣoṣo gba oyè náà lọ́wọ́ wọn.

Èyí kò tilẹ̀ tó ti ọdún 1989. Ní Suzuka, ní ilẹ̀ Japan, Ayrton Senna àti Alain Prost, tí àwọn méjèèjì ń wa ọkọ̀ fún McLaren, kọlu ara wọn ní kọ́nà kan nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí. Prost sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti ọkọ̀ Senna, ó tún gbéra, ó sì ṣe èkíní. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà tí ó gbà padà sínú eré kò tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Prost ṣe di ọ̀gá àwọn awakọ̀ lágbàáyé. McLaren pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ wò ó: ìdájọ́ tí ó sọ ọmọ wọn kan di olóyè ni wọ́n ń bá jà, nítorí ọmọ wọn kejì. Bí wọ́n borí ẹjọ́ náà, ọmọ ilé ni yóò sunkún. Bí wọ́n pàdánù rẹ̀, ọmọ ilé ni yóò sunkún. Wọ́n pàdánù rẹ̀. Ibi tí ìjà ará ilé ń gbé ilé dé nìyẹn, tí kò ní sí ìdájọ́ tí ó lè dùn mọ́ gbogbo ilé nínú mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ àwọn àgbà nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 2016, Lewis Hamilton àti Nico Rosberg ni ó ń wa ọkọ̀ fún Mercedes. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ ara wọn. Wọ́n ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà rí nígbà tí wọ́n ń wa ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ eré náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, ní Barcelona, Rosberg gba iwájú lọ́wọ́ Hamilton ní kọ́nà àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Rosberg fi fà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ti to ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lo gbogbo agbára rẹ̀. Hamilton rí àyè ní apá ọ̀tún, ó kó sí i. Rosberg yà sí ọ̀tún láti dí i. Hamilton bọ́ sórí koríko, ọkọ̀ rẹ̀ fì, ó sì gbá ti Rosberg. Ìyípo àkọ́kọ́ kò tíì parí tí ọkọ̀ méjèèjì fi di àwókù. Máàkì 43 tí ilé náà lè gbà di òdo. Max Verstappen, ọmọ ọdún 18, tí ó ń wa ọkọ̀ fún Red Bull ní ìgbà àkọ́kọ́, ni ó borí. Kò sì tíì sí ẹni tí ó kéré jù ú lọ tí ó borí rí nínú eré náà.

Niki Lauda, alága ẹgbẹ́, di ẹ̀bi ru Hamilton lójú ẹsẹ̀. Toto Wolff, ọ̀gá wọn, kọ̀ láti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àwọn adájọ́ eré gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì, wọ́n sì wí pé kò sí ẹni tí a lè di gbogbo ẹ̀bi náà rù. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, oṣù méjì kò sì pé tí wọ́n tún fi kọlu ara wọn, ní ọjọ́ 3 oṣù keje, ní ilẹ̀ Austria, ní ìyípo ìkẹyìn. Hamilton borí, Rosberg tí ó wà níwájú tẹ́lẹ̀ ṣe ẹ̀kẹrin, àwọn adájọ́ sì jẹ ẹ́ níyà. Ìgbà yìí ni àwọn ọ̀gá Mercedes tó jókòó, tí wọ́n fi ọwọ́ líle mú òfin bí awakọ̀ méjèèjì yóò ṣe máa bá ara wọn du ipò, tí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìjìyà yóò wà fún ẹni tí ó bá rú u. Títí ọdún náà fi parí, wọn kò tún kọlu ara wọn bẹ́ẹ̀ mọ́. Rosberg fi máàkì 5 gba oyè, 385 sí 380. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ó kéde pé òun fi eré náà sílẹ̀.

Ìbéèrè wa nìyí: èé ṣe tí òfin tí ó le kò fi dé kí ọkọ̀ tó fọ́? Àwọn ọ̀gá náà mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń lé oyè kan náà. Ní Belgium ní ọdún 2014, Rosberg ti gbá táyà ọkọ̀ Hamilton, wọ́n sì ti bá a wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ó bá wọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ wo ìyá rẹ̀. Bí ó bá wọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ wo àwọn àgbà tí ó wà lọ́jà.

Ẹnì kan lè wí pé oògùn rẹ̀ kò le, kí a sọ ẹnì kan di aṣáájú, kí a ní kí èkejì máa tẹ̀lé e títí lọ. Ferrari dán an wò. Ní ọdún 2002, ní ilẹ̀ Austria, wọ́n pàṣẹ fún Rubens Barrichello, ọmọ Brazil, tí ó ti wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kí ó jẹ́ kí Michael Schumacher kọjá. Ó jẹ́ kí ó kọjá nígbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin. Àwọn èrò ìwòran hó lé wọn lórí, àwọn aláṣẹ sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan dọ́là lé wọn nítorí bí wọ́n ti ṣe níbi ìgbàmì-ẹ̀yẹ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a fi òfin de irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, òfin náà sì wà títí di òpin ọdún 2010. Nítorí náà, a kò wí pé kí ọmọ ẹgbẹ́ má du ipò. Ẹgbẹ́ tí ó bá so ẹsẹ̀ alágbára rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní pẹ́ di ẹgbẹ́ arúgbó. Ohun tí a ń wí ni pé kí ẹni méjì tí ń du ipò mọ ibi tí ààlà wà kí wọ́n tó gbéra.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí àwọn tí a kì í rí. Láti ọdún 2021, òfin ti fi ààlà sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dún. Mílíọ̀nù 145 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Inú owó yìí náà ni owó àtúnṣe ọkọ̀ tí ó fọ́ ti ń jáde. Èyí ni pé owó tí à bá fi mú ọkọ̀ dára sí i ni a ó fi tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. Kí òfin yìí tó dé pàápàá, ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ní Baku, Daniel Ricciardo kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ Verstappen, ẹnì kejì rẹ̀ nínú Red Bull, eré àwọn méjèèjì sì parí. Àwọn adájọ́ bá àwọn méjèèjì wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá wọn sọ ni ó wù wá jù: ó ní wọ́n ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Ó yé e pé mẹkáníìkì tí kò sùn lóru láti to ọkọ̀, àti ẹni tí ń lọ irin ní ẹ̀yìn ilé, wà lára àwọn tí a ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2025, ní Montreal ní ilẹ̀ Canada, Lando Norris kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ Oscar Piastri, ẹnì kejì rẹ̀ nínú McLaren, ó sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbá ògiri. Kò dúró de adájọ́. Láti inú ọkọ̀ tí ó fọ́ náà ni ó ti wí lórí rédíò pé òun ni òun jẹ̀bi, ó sì lọ bẹ Piastri àti gbogbo ẹgbẹ́. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gbè sẹ́yìn ẹnì kan mọ́. McLaren ni ó gba oyè ẹgbẹ́ ní ọdún náà, Norris sì gba ti awakọ̀. A kò wí pé ẹ̀bẹ̀ ni ó gba oyè fún wọn. Ọkọ̀ wọn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òfò ọjọ́ kan kò di òfò ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọkọ̀ kan náà ni a jọ wà nínú rẹ̀ ní ìlú yìí. Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì rí ìsọ̀ kan tí ó ṣófo. Èkíní fún onílé ní iye kan, èkejì gòkè, èkíní tún gòkè, títí onílé fi rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú wọn yóò gba ìsọ̀ náà, yóò sì pe ara rẹ̀ ní olúborí. Ní ìparí ọdún, onílé yóò wá bá gbogbo wa pé iye tí àwọn ènìyàn yín fi ẹnu ara wọn dá nìyí, kí kálukú san bẹ́ẹ̀. Opó tí ń ta ata ní igun ọjà, tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ń bá ara wọn du ìsọ̀, òun náà yóò san. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé ìta ni ó ti dà á. Bí ó bá dà á nínú ilé, gbogbo ẹni tí ó wà nínú ilé ni ojú yóò ta.

Nítorí náà, a fi ohun mẹ́ta síwájú ẹ̀ka wa kí a ronú lé wọn, kí a sì dìbò sí wọn ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Èkíní, kí ìgbìmọ̀ kọ òfin sílẹ̀ nísinsìnyí tí kò sí ìjà: lórí ìsọ̀, lórí oníbàárà, lórí dídu ipò nínú ẹgbẹ́. Ẹni méjì tí ń fẹ́ ohun kan náà gbọ́dọ̀ sọ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó tọ ará òde lọ.

Èkejì, bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀, kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ilé pàdánù àti ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ tí ó kàn, kí a sì ràn án lọ́wọ́. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí a bá mọ ẹlẹ́bi.

Ẹ̀kẹta, kí alága tàbí àgbà kankan má dá ẹjọ́ ní ọjọ́ tí inú ń bí ènìyàn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Kí a gbọ́ ti ọ̀tún, kí a gbọ́ ti òsì. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ẹnì kan, kí a sọ ọ́ ní gbangba kí ó sì san ohun tí ó tọ́. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn méjèèjì, kí a má fi ojú àánú gbé e ru ẹni tí kò ní ènìyàn nínú ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó bá sì jẹ́wọ́ kí a tó pè é, kí ìjìyà rẹ̀ fúyẹ́.

Ahọ́n àti eyín ń bá ara wọn jà, ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń gbé. A kò lè sọ pé a kò ní kọlu ara wọn láé. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má máa rí wa láàárín ọ̀nà, ọkọ̀ méjèèjì ní àwókù, tí a dúró tí a ń na ìka sí ara wa, tí ó sì ń kọjá lọ gba ohun tí ó yẹ kó jẹ́ tiwa.

Kí Ọlọ́run kí ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba ti ara wa jẹ́. Kí ẹ̀ka yìí kí ó pẹ́, kí àwọn ọmọ wa kí ó bá a níbẹ̀.